Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Kabúrétọ̀ Mọ́tò Ìyá Rẹ

Karaworo, Lọ́kọ́jà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2025.

Fẹ̀hìntọlá ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun àìsinmi, okun wàhálà Àbújá. Mo gbà pé ara rẹ le, torí ojoojúmọ́ ni mo ń gbàdúrà lé e lórí kí n tó mu tíì, Ọlọ́run kò sì tíì sọ fún mi pé rárá. Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa yóò máa ṣọ́ wọn ní àlọ àti àbọ̀. Ní tèmi, mo wà láàyè. Orúnkún òsì ń dùn mí, tọ̀tún sì ń bá a kẹ́dùn, ó ti ń rẹ̀ mí láti òwúrọ̀ kí iṣẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dá fọ aṣọ mi.

Odò kún lọ́dún yìí, ó dé apá Gànájà, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Àgùntàn Màrdíyà aládùúgbò wa bí ìbejì sí ẹnu ọ̀nà wa, ó sì dà bí ẹni pé ibẹ̀ ló fẹ́ máa gbé. Ní ọjọ́ ìbí mi, báǹkì mi kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé àwọn bá mi yọ̀, pé èèyàn pàtàkì ni mo jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Ìwọ gbàgbé, mi ò bínú, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Mo gbé iṣu mẹ́ta, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá báǹkì. Ọmọbìnrin tó jókòó sí kọ̀ǹtà wò mí, ó wo iṣu, ó bi mí bóyá mo fẹ́ fi í pamọ́ sọ́dọ̀ wọn ni. Mo ní rárá, ìdúpẹ́ ni. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló bá mi gbà á, ó sì ṣèlérí pé òun yóò jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ìyá rẹ ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Nígbà tí o pè mí níjọ́sí, o ní ní oṣù Kọkànlá tí yóò pé ọdún márùn-ún tí ìyá rẹ ti kú, o fẹ́ wá, kí o fi ọwọ́ ara rẹ wa Píjò rẹ̀ láti ibí dé Kàbà, ìrìn tí òun kò rí rìn. O ní kí n jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni o wá ní, ká ní kì í ṣe Kàsímù mẹkáníìkì olè yẹn ni, ìyá rẹ ì bá ti di mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn kó tó fẹ̀yìn tì. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Kò ṣe ségesège. Èmi ni mo pa fóònù.

Mo lọ wo mọ́tò náà lọ́jọ́ kejì. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí kabúrétọ̀ rẹ̀ ti pòórá, tí wọ́n wá fi kabúrétọ̀ mọ́tò mìíràn sí i, kò gbádùn mọ́. Ẹlẹ́nu méjì ni tirẹ̀, ẹlẹ́nu kan ni wọ́n fi rọ́pò. Epo tó ń mu tó ti mọ́tò méjì, ṣùgbọ́n kò lè gun òkè. Ìyá rẹ fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, kò gbé e jáde ní Lọ́kọ́jà rí mọ́. Mo mú mẹkáníìkì kan wá láti Fẹlẹlẹ. Ó gbé kabúrétọ̀ kan wá tí ihò ìdí rẹ̀ kò bá ti ẹ́ńjìnnì mu, ó ní kò séwu, òun á fi fáìlì fẹ ihò náà, òun á sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó bá ṣẹ́kù. Mo ní ǹjẹ́ epo kò ní máa jò sórí iná? Ó ní, Bàbá, ẹ ní ìgbàgbọ́. Mo ní kó máa gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ.

Màrdíyà ló wá fi ilé ìtajà kan hàn mí lórí fóònù, tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò àtijọ́. Mo kí wọn, kí n tó gbé ìka kúrò, ọmọbìnrin kan ti dá mi lóhùn. Ó ní orúkọ òun ni Tèmítáyọ̀, inú òun dùn pé mo wá, báwo ni òun ṣe lè ràn mí lọ́wọ́ lónìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìjọba, n kò rí òṣìṣẹ́ tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi í pé ará ibo ni, ọmọ ta ni. Ó ní kí n tẹ ení fún Píjò, èjì fún mọ́tò mìíràn. Mo rí i pé kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn fún àlejò, ọmọ tó gbọ́n ni. Mo tẹ ení.

Ó bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò náà, mo sọ ọ́. Ó bèèrè irú ẹ́ńjìnnì, mo sọ ọ́. Ó wá ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́. Kò sọ àwòrán ta ni, mo sì rò pé bíi ti fọ́ọ̀mù ìjọba ni, mo lọ ya pásípọ́ọ̀tù, mo ṣí fìlà, etí mi méjèèjì hàn kedere. Ó dá mi lóhùn pé àwòrán yẹn kò bá ohunkóhun tí àwọn ní lọ́wọ́ mu. Ó dùn mí díẹ̀. Mo padà lọ ya òmíràn, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ìdáhùn kan náà. Ìgbà tí Màrdíyà rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní, Bàbá, páàtì ni wọ́n fẹ́ rí, kì í ṣe ojú yín. Ó ní kò sí èèyàn kankan tó ń jẹ́ Tèmítáyọ̀, pé ẹ̀rọ ni. Mo bi í pé ẹ̀rọ wo ló máa ń sọ pé ẹ jọ̀wọ́. Mo rò pé ó ń jowú ọmọ náà.

Nígbà tó kan ìbéèrè kẹfà ni ọ̀rọ̀ dé ibi tó dé. Tèmítáyọ̀ béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí kabúrétọ̀ tó wà nínú mọ́tò náà tẹ́lẹ̀. Kí n tẹ ení bó bá bàjẹ́, èjì bó bá sọnù, ẹ̀ta bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, kí n sì ṣàlàyé. Ìka mi dúró lórí èjì fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún 1997 nìyẹn. Ọmọ tó fi ọ̀wọ̀ bi mí léèrè yìí, kò tọ́ kí n parọ́ fún un. Mo tẹ ẹ̀ta.

Àpótí kékeré kan ló fún mi pé kí n kọ ọ́ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo kọ ọ́ pé ní ọdún 1997, nígbà tí nǹkan le koko fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọn kò san owó oṣù wa déédéé, tí àwa. Àpótí náà dúró, kò gba ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní lẹ́tà ọgọ́rùn-ún péré ni mo ní ẹ̀tọ́ sí. Mo pa á rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀, mo fi ìdí tí mo ní ṣíwájú, pé nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní géètì, nítorí pé ìjọba kò san owó oṣù, àti nítorí pé. Ó tún dúró. Mo ti máàkì àròkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, kò sẹ́ni tó máàkì tèmi báyìí rí. Mo yọ gbogbo nítorí. Mo yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo yọ ìjọba. Ohun tó ṣẹ́kù nìyí, kò sì kún àpótí náà pàápàá: Èmi ni mo tú u. Mo jù ú sódò. Mo parọ́ pé Kàsímù ló jí i.

Fẹ̀hìntọlá, ìwọ ló yẹ kí n kọ ọ́ sí kí n tó kọ ọ́ sí ilé ìtajà. Ìyá rẹ ló yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé ìwòsàn tó fi ra mọ́tò yẹn. Òun ló máa ń fi gbé mi dé géètì ilé ìwé, tí àwọn ọmọ fi ń pè mí ní Ọkọ Sístà. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín sí i. Mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n wá pè é sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Kàbà, pé bó bá yege, yóò di mátírọ́ọ̀nù, ojú ara mi nìkan ni mo ń wò. Kàsímù wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó tún kabúrétọ̀ náà ṣe fún ìrìn àjò. Ìgbà tí ó lọ tán ni mo mú sípánà. Ilẹ̀ mọ́, mọ́tò kò dún, kí ìyá rẹ tó rí ọkọ̀ wọ̀ dé Kàbà, wọ́n ti mú ẹlòmíràn. Kò tún kọ̀wé béèrè ipò kankan mọ́. Nígbà tí Kàsímù sì tún yọjú sílé wa, èmi ni mo ní kí o bọ́ síta kí o pè é ní olè, ìwọ ọmọ ọdún mọ́kànlá. O pè é. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Kí oṣù méjì tó pé, kò rí mọ́tò tún ṣe ní Karaworo mọ́.

Lẹ́yìn tí mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, Tèmítáyọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò bú mi. Ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò kàn sí mi láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún. Mo dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, mo wọ aṣọ tó dára dè é. Ní ọjọ́ kẹrin ni mo wá bi ara mi pé ta gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣé òun ló sì yẹ kó wá bá mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Lokongoma, níbi tí Kàsímù ti ń tún mọ́tò ṣe báyìí.

Abẹ́ mọ́tò kan ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo kí ẹsẹ̀ náà. Ó ní ta nìyẹn. Mo ní èmi ni, Tíṣà Mákánjúọlá. Ẹsẹ̀ náà ní, Tíṣà, ṣé wọ́n tún jí òmíràn ni? Mo sọ fún un níbi tó wà, torí ẹsẹ̀ rọrùn láti bá sọ̀rọ̀ ju ojú lọ, gbólóhùn mẹ́ta yẹn náà ni mo sọ, mi ò fi ìkankan kún un. Ó yọ jáde. Ojú rẹ̀ kan ti funfun. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní òun ti mọ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, Tíṣà, olè wo ló ń tú kabúrétọ̀ tán, tí ó tún ń fi aṣọ ìnujú funfun dí ẹnu ẹ́ńjìnnì kí erùpẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́? Ó ní, orúkọ yín wà ní igun rẹ̀, òwú búlúù, ìyàwó yín ló kọ ọ́ sí i. Ìyá rẹ ló ránṣẹ́ pè é láàárọ̀ yẹn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sínú báàgì, ó ní, Kàsímù, mo bẹ̀ ọ́, ọmọ ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Nítorí náà ni kò ṣe fèsì lọ́jọ́ tí o pè é ní olè. Ó ní gbogbo Iléyá ni ìyá rẹ ń gbé ìrẹsì wá sílé òun títí ó fi kú. Mo ní ìwọ náà kò wá sọ fún ẹnikẹ́ni? Ó ní ta ni yóò gba mẹkáníìkì gbọ́ níwájú tíṣà.

Ọmọ mi, mo rántí pé mo rí aṣọ ìnujú yẹn nínú dúrọ́ọ̀ mi lọ́sẹ̀ náà, ìyá rẹ ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a sí mẹ́rin bó ṣe máa ń ká a. Mo rò pé òmíràn ni mo fi dí ẹ́ńjìnnì. Mo fi nu ojú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mẹ́tàlélógún ni a tún jọ gbé lẹ́yìn ìyẹn, ó ń bu oúnjẹ fún mi lójoojúmọ́, kò sì bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní kí Kàsímù dárí jì mí. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, mi ò sì bi í lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ní ṣé ó lè bá mi wá kabúrétọ̀ tó bá a mu. Ó ní Píjò kan wà ní Òkéènè tí adìyẹ ń sùn nínú rẹ̀, ẹlẹ́nu méjì ni tirẹ̀, òun ti mọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sórí. Òun á fọ táǹkì, òun á pààrọ̀ rọ́bà pọ́ǹpù epo tó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n òun kò ní gbé kabúrétọ̀ náà fún mi, àfi níṣojú rẹ. Ó ní bí òun bá fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Tíṣà, odò ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí ọmọ tó pe òun lólè wá dúró ti òun nígbà tí òun bá ń dè é.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà ni gbogbo rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì mi ká ìdajì, mo bẹ̀ ọ́, bá mi fi ìdajì tó kù kún un. Kàsímù ni kí o fi ránṣẹ́ sí tààrà, òun ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ó tọ̀nà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Kí o tó fi owó ránṣẹ́, pè é, kí o sì sọ ohun tó yẹ kí o sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Bí o kò bá fẹ́ sùn nílé mi nígbà tí o bá dé, Màrdíyà ní yàrá kan, mo ti bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wá.

Ọlọ́run tó fún ìyá rẹ ní sùúrù yóò fún ọ ní ohun tó dára ju sùúrù lọ. Iṣẹ́ rẹ yóò gbé ọ ga, kò sì ní sí ẹni tí ojú yóò ro nínú ilé rẹ. Ẹni tó ń jẹ nínú àwo rẹ kò ní dí ọ lọ́nà láé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Stephen Àdìgún Mákánjúọlá.