Mo Béèrè Físà Lọ́wọ́ Àna Mi

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ owó. Owó tó wà nínú àpòòwé kékeré tí mo fi òwú dúdú rán ẹnu rẹ̀ pa yìí, kì í ṣe tìrẹ, kì í ṣe tèmi, ti àna mi, ìyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọ ni. Ó pé. Mo ti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra bọ́tìnnì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti dá a padà. Má yọ owó ọkọ̀ nínú rẹ̀, má sì ní o fẹ́ yá a di òpin oṣù. Ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi gbé e fún un. Bó bá bi ọ́ pé owó kí ni, ka ìyókù lẹ́tà yìí kí o tó dá a lóhùn.

Ó dáa, báwo ni nǹkan? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ta sí aránṣọ lójú kò ní gbàgbé rẹ. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn kò ní bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kó tó ṣí. Bàbá rẹ wà ní àlàáfíà, àfi pé kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ àyàfi bó bá ń wá iyọ̀. Òrùlé ilé ìdáná ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, ó sì ti fi ibòmíràn kún un. Ológbò aládùúgbò wa bímọ sínú apẹ̀rẹ̀ tí mo ń kó àjákù aṣọ sí, mi ò sì ní ọkàn láti lé ìyá ọlọ́mọ, lẹ́yìn ohun tí mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀yìn ni mo kọ sí ojú pópó.

O rántí ọdún tó kọjá, nígbà tí àna mi ní kí n wá kí òun ní ìlú wọn lókè òkun, tí èmi pẹ̀lú rẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba físà. Wọn ò jẹ́ kí o bá mi wọlé, nítorí náà o ò mọ bó ṣe lọ gan-an. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ihò kékeré kan ló fi ń gbọ́ mi, bí ẹni pé ikọ́ ń ṣe mí. Ó ní físà ìgbafẹ́ ni mo kọ sí ìwé, ṣé ìgbafẹ́ ni mo ń lọ ṣe lóòótọ́? Mo ní rárá o, ta ló bí mi sí ìdí ìgbafẹ́, èmi tí aṣọ àwọn oníbàárà ga tó orúnkún mi nílẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn pé èmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní kí ló máa mú mi padà sílé. Mo ní ọkọ mi, ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àti búláòsì ìyàwó olùkọ́ àgbà tí mo ti gé tí mi ò tíì rán. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ní èló ni mo ní ní báńkì. Mo ní mi ò ní nǹkan kan níbẹ̀, nítorí ọjọ́ tí mo gbé owó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo padà lọ gbà á, owó ẹlòmíràn ni wọ́n kó fún mi. Nọ́ńbà ara owó tèmi wà lórí mi, kò bá ti wọn mu rárá. Ẹni tó bá pààrọ̀ owó mi lójú mi, kí ló máa ṣe lẹ́yìn mi?

Ló bá fún mi ní ìwé pé wọn ò gbà. Mo ní kó dá owó mi padà nígbà tí mi ò ra nǹkan kan. Ó ní owó ìbéèrè ni, pé bí wọ́n gbà bí wọn ò gbà, ó ti wọlé. Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń ná ọjà, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń sanwó “ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní in?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí abẹ́rẹ́ tó kán sínú aṣọ, tí èèyàn ò rí, ṣùgbọ́n tó ń gún un níbi tó bá jókòó sí.

Ìgbà tó di oṣù tó kọjá, oníbàtà tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi gbọ́ lórí rédíò rẹ̀ pé ìjọba wa náà ti fárígá. Ó ní ohun tí wọ́n bá ṣe fún èèyàn wa lẹ́nu ibodè wọn, òun gẹ́lẹ́ la ó máa ṣe fún èèyàn tiwọn: owó kan náà, ìbéèrè kan náà, ìdúró kan náà. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ta ni yóò máa ṣe é. Ó ní rédíò sọ pé gbogbo wa ni ìjọba. Gbólóhùn yẹn ló kó bá mi.

Ọjọ́ Ajé tí o ní ibi iṣẹ́ kò fún ọ láyè, tí o fi àna mi tó wá kí wa láti òkè òkun sínú ọkọ̀ pé kí wọ́n já a sẹ́nu ọ̀nà wa, bàbá rẹ ti rìnrìn àjò lọ wá pákó, èmi nìkan ni mo wà nílé. Ó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó na ọwọ́ méjèèjì láti dì mọ́ mi. Mo ní kó dúró ná. Mo gbé àga fún un síta. Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sẹ́yìn fèrèsé aláwọ̀n tí mo fi ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, mo sì wọ gíláàsì ojú mi.

Inú fóònù rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ sí, obìnrin kan tó wà nínú rẹ̀ á sì sọ ọ́ fún mi ní èdè wa. Ohùn rẹ̀ gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀wé. Mo kọ́kọ́ kí ìyẹn, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé wọ́n ń sanwó fún yín dáadáa, torí iṣẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Kò dá mi lóhùn. Mo rò pé ẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ ló ń bà á.

Mo bi àna mi pé èló ló ní ní báńkì, níbo ni yóò sùn, ta ni yóò bọ́ ọ. Ó ní ilé yín ni, ẹ̀yin ni. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ní ṣé ìgbafẹ́ ló bá wá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, tayọ̀tayọ̀. Ìyẹn tún dùn mí, pé ó mọ ìdáhùn yẹn jù mí lọ. Mo gba iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi gẹ́lẹ́, mo já rìsíìtì fún un. Ọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán ìka mi, èmi ò sì ní ẹ̀rọ ìka, nítorí náà mo fi tépù wọn èjìká àna mi àti ìbàdí rẹ̀. Mo ní kó lọ, kó padà wá gbọ́ èsì lọ́la, kó sì mú ìwé báńkì dání.

Ì bá bínú, ì bá dáa. Ó dúpẹ́ ni. Ó gbé àpò rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé àlejò ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ níbi tí ibùsùn ti ń ké bí ewúrẹ́, òjò sì ká a mọ́nà.

Oníbàtà ti ń wò mí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ìṣó. Ó ní ìgbà wo ni èmi aránṣọ di ìjọba. Mo ní ṣebí òun ló sọ pé gbogbo wa ni. Ó ní rédíò ló sọ ọ́, pé bí rédíò bá ní òjò máa rọ̀, ṣé màá gun òrùlé lọ máa da omi sílẹ̀ ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣí fèrèsé, àna mi ti wà lórí àga. Ó wọ aṣọ tó dáa jù nínú ẹrù rẹ̀, ìwé báńkì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà rẹ̀ tí òjò ti là wà lọ́wọ́ oníbàtà, ìyẹn sì ń pariwo kí n lè gbọ́ pé òun kì í gbowó lọ́wọ́ àlejò. Ìbéèrè kan ló kù. Mo ní kí ló máa mú un padà sílé rẹ̀.

Ó ká ìwé báńkì náà pọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Lẹ́yìn náà ni obìnrin inú fóònù sọ pé kò sí ẹnì kan nílé mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, pé ajá kan ló kù, ó ti darúgbó, aládùúgbò ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ajá yẹn ló máa mú un padà. Ó wá ní nígbà tí wọ́n fi físà dù mí lọ́dún tó kọjá, òun lọ bá àwọn ìjọba ìlú wọn jà ní ọ́fíìsì wọn. Òun ní àna òun ni obìnrin náà. Wọ́n ní kí òun jáde, òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí wọ́n fi paná. Ó ní ìdí nìyẹn tí àṣà wa fi dùn mọ́ òun. Ní ìlú tiwọn, ẹni tí kò mọni rí ló ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àlejò. Ní tiwa, ìyálé ilé fúnra rẹ̀ ló ń jókòó, tó ń fara balẹ̀ béèrè bí ayé àlejò ṣe rí, tó sì tún ń wọn èjìká rẹ̀.

Àṣà, ọmọ mi! Ó rò pé àṣà ni! Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ tèmi ti ẹ̀rọ. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí mi ni mo jẹ́ kí òjò pa.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo sáré dì mọ́ ọn, gíláàsì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ha á létí. Mo fún un ní yàrá rẹ. Mo fi ìwọ̀n tí mo wọ̀n rán búláòsì fún un, ó sì bá a mu régé. Ohun rere kan ṣoṣo tó jáde nínú ìwà burúkú náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti la ẹnu, mo máa ń rántí pé obìnrin inú fóònù ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, mi ò sì mọ àwọn tó tún ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ dé, àna mi ròyìn àṣà wa fún un. Bàbá rẹ ṣí fìlà, ó wò mí, ó dé e padà. Ó ní ká ní òun mọ̀ pé wọ́n ń gba físà nínú ilé yìí ni, òun ì bá ti gba tòun kí òun tó fẹ́ mi.

Ọjọ́ tó ń padà sọ́dọ̀ rẹ ló pa mí tán. Ó ní ọjọ́ tí mo bá dé ilé òun, òun náà máa gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, òun máa ra àwọ̀n, òun máa bi mí ní gbogbo rẹ̀, kí n lè mọ̀ pé wọ́n mọyì mi. Ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe ń sọ ọ́.

Mi ò lè jẹ́ kó wọ bàálù pẹ̀lú irọ́ yẹn. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Sọ fún un pé kì í ṣe àṣà, ìbínú ni, pé ọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì ló ṣẹ̀ mí, òun àna mi ni mo gbẹ̀san lára rẹ̀. Ẹnu ara rẹ ni kí o fi sọ ọ́, má fi ti fóònù. Mo mọ̀ pé ìgbéyàwó rẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bó bá ní òun ò bá irú ìdílé wa da nǹkan pọ̀ mọ́, kọ ọ́ sí mi bó ṣe wí i, má fi ṣúgà sí i.

Bó bá sì dárí jì mí, mo fẹ́ padà lọ síwájú gíláàsì yẹn. Fi owó ìbéèrè ránṣẹ́, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, àti owó tí mo lè gbé lọ sí báńkì kó sùn síbẹ̀ títí wọn ó fi bi mí. Màá dá ìyẹn padà fún ọ, kódà bí wọ́n bá tún pààrọ̀ rẹ̀. Fi owó páànù méjì sí i fún ilé ìdáná. Mo ti mọ ìdáhùn báyìí. Ìgbafẹ́ ni, tayọ̀tayọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ìbínú ẹnìkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ibi tí o bá ń lọ, wọn ó gbé àga fún ọ, inú ilé ni wọn ó sì gbé e sí.

Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá máa padà kọjá níwájú wa lọ́jọ́ Ẹtì. Màá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ìta ni màá wà, lórí àga tí mo gbé fún un, níwájú àwọ̀n. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń retí èsì.

Ìyá rẹ.