Fáìlì Tí Wọn Ò Tíì Wá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Áàpù mi, tó ń wá fáìlì tó ní ẹ̀dà méjì lórí kọ̀ǹpútà tó sì ń pa ọ̀kan rẹ́, ti pa ìwé ètò ìsìnkú kan rẹ́ lónìí ní ìsọ̀ Ìyá Kẹ́mi, atẹ̀wé ní Ṣómólú.

"Òkú méjì ni, ọmọ mi! Ṣé màmá kan ṣoṣo ló wà láyé ni?"

"Ètò Màmá" ni wọ́n ń pe gbogbo irú fáìlì bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ nìkan ni mo sì ní kí áàpù náà máa wò, kó lè yára. Oríire ni pé oníbàárà ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

Mo bi Ìyá Kẹ́mi pé ta ló tún ń lo áàpù náà.

"Àwọn atẹ̀wé títí dé Onípanu! Mo fi fíláàṣì pín in fún wọn. Àbí mi ò polówó ẹ dáadáa?"

Mo ti tún un ṣe, àmọ́ àtúnṣe náà kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Áàpù tí kì í lo íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn.

Láti àárọ̀ ọ̀la, màá máa wọ ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹni tó bá pariwo lé mi lórí, mo lè bẹ̀ ẹ́. Àwọn tí fáìlì wọn ti lọ, tí wọn ò tíì wá a, ni ẹ̀rù wọn ń bà mí.