Fóònù Dúpẹ́ Nínú Àpò Kòkó

Bàbá mi àtàtà,

Ọmọ-ọmọ yín ti wọ ọdún kẹrin nílé ìwé dókítà! Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní pírámárì mẹ́ta, èmi náà ni mo bí dókítà. Gbogbo ìlú Òdòde ló mọ̀, torí èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn. "Bàbá Dókítà" ni wọ́n ń kí mi báyìí, mi kì í sì í sọ pé kò tíì parí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

Dúpẹ́ wá sílé láti múra ìdánwò tó máa ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwé dà? Fóònù ni, láti àárọ̀. Mo yọjú wò ó lẹ́yìn: ẹnì kan ń gún ẹlòmíì lábẹ́rẹ́ nínú fídíò, ọmọ mi náà ń fi bírò gún afẹ́fẹ́. Ẹ rántí ẹni tó gún yín lábẹ́rẹ́ ní Aládé? Òun náà, ó kàn wo ọwọ́ ọ̀gá ẹ̀ ni, ló bá di dókítà. Ìdí yín wú, ẹ ní kí n má pariwo, pé ó máa lọ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta la sin yín. Kí ló dé tí mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu?

Bí Dúpẹ́ ṣe wọ balùwẹ̀, mo ri fóònù náà mọ́ inú àpò kòkó kan ní sítọ́ọ̀ mi, kó lè fojú kan ìwé fún ọjọ́ méjì. Èmi ọlọ́gbọ́n! Kí n tó ti oko dé, ọkọ̀ ti kó gbogbo àpò lọ sí Ofosu.

Ó sunkún bí ọmọdé. "Dádì, gbogbo kíláàsì wa ló wà nínú fóònù yẹn!" Wọ́n ní gúrúùpù kan lórí wásáàpù. Wọn a fi fídíò síbẹ̀, wọn a bi ara wọn ní ìbéèrè, ẹni tó bá gbà á tì, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ wọn kan wà níbẹ̀. Ẹnì kan kọ ìwọ̀n oògùn tí kò tọ́ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, olùkọ́ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Dúpẹ́ wá wò mí lójú. "Ta ló wà níbẹ̀ tó máa tún ti ẹni tó gún Bàbá Àgbà ṣe?"

Mo ní kó lo fóònù tèmi; tọ́ọ̀ṣì àti ìpè nìkan ló mọ̀.

Àwọn tó ń ra kòkó ní Ofosu rí fóònù náà lórí òṣùwọ̀n lánàá. Ẹ mọ òfin àwa oníkòkó: ohun tí kì í ṣe kòkó nínú àpò, olè ni, ìbáà jẹ́ òkúta ìbáà jẹ́ irin. Èmi tí ẹ kọ́ láti bu kòkó sọ́wọ́, kí n gbọ̀n ọ́n létí, kí n gbọ́ bó ṣe gbẹ! Alága wọn pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Dókítà, kòkó tiyín ti ń gba ìpè báyìí?" Wọ́n bu owó ìtanràn lé mi, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà, wọ́n sì di fóònù àti owó kòkó mi mú. Bí mo bá san án, mo ti gbà pé olè ni mí. Ogún ọdún, kò sẹ́ni tó rí òkúta nínú àpò mi rí. Mo ti ń múra ẹjọ́.

Àfìgbà tí mo rí Dúpẹ́ láàárọ̀ yìí, bírò lọ́wọ́, tó ń gún afẹ́fẹ́. Ó dúró lágbedeméjì. Ó gbàgbé èyí tó kàn.

Bàbá, bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ dúró lórí bàbá ẹlòmíì ńkọ́? Bí bàbá yẹn náà bá ní kí ọmọ òun má pariwo ńkọ́?

Mo ti fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà tó wà lọ́wọ́ mi ránṣẹ́ sí Ofosu. Èyí tó kù, ọ̀dọ̀ àwọn tí mo ń fọ́nnu sí ni mo ti máa lọ yá a. Ẹ bá mi mú ojú mi le, kó lè gba ìtìjú. Ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà, wọ́n ní kí n san án lọ́la Fúráìdé, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù.

Èmi ọmọ yín tó dákẹ́ lọ́jọ́ náà, tí ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ yín.