Imú Tanímọ̀la Ṣì Lè San

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, ẹ sì kú ọyẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìyànà Ọ̀fà níbí. Mo kí Màmá, mo kí àbúrò mi Láyí tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Láyí, rọra kà á, má fo ọ̀rọ̀ kankan.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìnbọn pa Tanímọ̀la, ajá ọdẹ yín. Láyí kọ̀wé pé ẹ̀jẹ̀ ò yé dà nímú rẹ̀, pé kò gbóòórùn ọ̀yà mọ́, pé tí oṣù yìí bá parí, ẹ ó mú un lọ sẹ́yìn oko. Mo sunkún.

Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn báyìí débi pé n ò lè jókòó. Mo ti rí àìsàn náà! Ẹ̀yin tí ẹ ní mo wá di ọmọ ọ̀dọ̀ ajá nílé dókítà ẹranko, ẹ wá bẹ̀ mí (mo ń ṣàwàdà o). Wọ́n gbé ajá kan wá láti àdúgbò Adégbayì, bí imú Tanímọ̀la ṣe ń ṣe gan-an ni tirẹ̀ ń ṣe. Dókítà ní kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Irú nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá pẹ́ nílẹ̀ ló hù sínú imú rẹ̀. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n ki rọ́bà sí i lọ́nà ọ̀fun kó lè máa mí, wọ́n fi òwú dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí oògùn má baà ṣàn wọnú, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ rọ oògùn sí ihò imú méjèèjì, irú oògùn tí à ń fi wo làpálàpá. Fún wákàtí kan gbáko ni mo ń yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì, kí oògùn lè kárí. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Omi ata àti tábà tí ẹ ń kán sí Tanímọ̀la nímú, ẹ dá a dúró lónìí. Egbò inú ibẹ̀ ló ń dá kún. Mo mọ̀ pé bí àwọn bàbá yín ti ń ṣe é nìyẹn, ẹ má bínú. Kí Láyí gbé e wọ ọkọ̀ wá. Dókítà ní òun ò ní gbowó, kí n kàn máa wá síbi iṣẹ́ ní Sátidé. Yàrá mi sì dákẹ́ jù, n ò ní purọ́.

Kí wọ́n tó gún ajá Adégbayì lábẹ́rẹ́, èmi nìkan ló gbà kí n di òun mú. Dókítà bi mí pé ta ló kọ́ mi. Ẹ ò jẹ́ kí n tẹ̀lé yín wọ igbó rí, torí pé obìnrin ni mí, ṣùgbọ́n mo máa ń wo ọwọ́ yín tí ẹ bá ń yọ eégbọn lára Tanímọ̀la. Mo ní bàbá mi ni.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jèrè gbogbo wa. Ẹ bá mi kí ará ilé, àtàgbà àtọmọdé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àdùnní