Amí Tó Wà Nínú Oko Ata Mi

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025

Festus ló ń bá mi kọ èyí. Ayálégbé mi ni, ará Iléṣà, kò bá wa pín nínú ogún kankan. Ìdí tí mo fi pè é nìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má tún un ṣe. Kí ẹ̀rí lè wà.

Sọ̀fíyàt, àkọ́bí mi, wá láti Ìkòròdú lónìí. Fóònù ló ń tún ṣe ní Gáréèjì. Ó gbé àpótí kékeré kan wá sóko mi ní Agbówà, ó kàn án mọ́ òpó ahéré. Pátákó pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, àti wáyà bí ìfun adìyẹ. Ó so ó mọ́ pọ́ńpù tí mo fi ń fa omi odò. Wáyà gígùn kan tún jáde, irin eléyín méjì lẹ́nu rẹ̀. Àárín ebè ata ló rì í bọ̀.

Ó ní irin yẹn ló ń tọ́ ilẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, iná pupa á tàn, pọ́ńpù á ṣiṣẹ́. Bí ó bá tutù, iná aláwọ̀ ewé, pọ́ńpù á sinmi. Inú kọ̀ǹpútà ló ti kọ àṣẹ náà kó tó fi wáyà tì í sínú pátákó.

Mo ní ta ló bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìbàdí tó ń dùn yín ló bẹ̀ mí, Baba."

N kò gbàgbé. Lọ́dún tó kọjá ló ní kí n ta ìdajì oko yìí, kí òun fi gba ṣọ́ọ̀bù ńlá. Mo kọ̀. Ó wá gbé ẹ̀rọ wá lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí. Ọ̀fẹ́ kẹ̀?

Ọjọ́rú, 15

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyẹn gan-an ni mo ń fura sí. Mo ti sọ ọ́ ní Amí.

Ọjọ́ Jímọ̀, 17

Ohun tí n kò mọ ìdí rẹ̀ kò ní máa ti eyín bọ àárín ata mi lẹ́yìn mi. Mo fà á tu. Mo rì í sí ebè tó sún mọ́ ahéré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tí mo ń jókòó lé ṣe àlùwàlá. Ilẹ̀ kan náà ni. Bí mo bá wà lórí ẹní báyìí, mo ń wò ó.

N kò sọ fún Sọ̀fíyàt. Kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ọjọ́ Ajé, 20

Iná ewé láti ìjẹta. Pọ́ńpù kò dún. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ ń sán, ata ń rọ — ẹ̀rọ ní ilẹ̀ tutù. Irọ́ ojúkojú!

Suwíìṣì tí mo fi ń tan pọ́ńpù tẹ́lẹ̀, ó ti so ó pọ̀ mọ́ àpótí. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Mo fi báákẹ́ẹ̀tì pọn omi sí ebè mẹ́fà. Ó ku mẹ́rìnlélógún. Ìbàdí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Iná ewé.

Ọjọ́ Sátidé, 25

Mo gbọ́ pé Sọ̀fíyàt ń bọ̀. Kó má bàa ní mo fọwọ́ kan nǹkan òun, mo sáré dá irin padà sí àárín oko. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán lórí ọ̀kadà tí iná pupa fi tàn, tí pọ́ńpù bú. Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá? Ó rí olówó rẹ̀, ó jí!

Ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ó wò ó pẹ́. Ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Baba, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Mo ní kò sí.

Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ojú rẹ̀ ò dùn. Ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń rí bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe lọ, mo dá irin padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Mo kírun Alásárì tán, iná ti di ewé. Ó jókòó sí Ìkòròdú, ó ń pàṣẹ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 30

Ebè méjìlá ti kú. Mo fi fóònù pè é lójú ìyá rẹ̀. Mo ní, "O fẹ́ fi òùngbẹ pa ata mi kí n lè ta ilẹ̀. Bàbá rẹ wà láàyè, o ti ń wọn ogún!"

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Baba. Mo ń bọ̀ wá tú u lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

Ṣẹ̀rífátù, ìyá rẹ̀, ní èmi kì í fọkàn tán ṣíbí tí mo fi ń jẹun pàápàá. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Bóyá wọ́n jọ mọ̀ ọ́n ni.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Èrèlè

Mo lọ ṣe fídáù àna wa ní Ẹ̀pẹ́, láti Jímọ̀. Mo dé lónìí, mo gbọ́ pọ́ńpù láti ẹ̀bá ọ̀nà. Omi wà lóko. Iná pupa ń tàn.

Mo ní Sọ̀fíyàt ti wá. Ṣẹ̀rífátù ní ẹnikẹ́ni kò wá.

Àkókò Àílà ti tó. Mo bu omi sínú búútà, mo jókòó lórí òkúta. Mo fọ ọwọ́, mo fọ ojú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kí n tó fọ ẹsẹ̀ òsì tán, iná ti di ewé. Pọ́ńpù dákẹ́. Omi ẹsẹ̀ mi ń ṣàn lọ tààrà sídìí irin.

Mo jókòó síbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè dìde kírun.

Nígbà tí mo sọ èyí, Festus gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, oníbàárà mẹ́ta wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. N kò jókòó. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: èmi ni mo ṣí irin nípò, omi àlùwàlá mi ló ń tàn án jẹ.

Ó ní, "Mo mọ̀, Baba."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà hàn mí. Ẹ̀rọ náà ń tọ́jú wákàtí tí omi bá kan irin. Ìlà kan ń gòkè lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́: lẹ́yìn agogo kan, àti ní agogo mẹ́rin. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo máa ń lọ kí ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Láti Sátidé ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ.

"Mo bi yín, ẹ ní kò sí. Bí mo bá wá sọ ọ́, Baba, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́?"

Oníbàárà kan rọra jáde. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn títí ó fi tì ṣọ́ọ̀bù. Ó ra omi fún mi. Ó sìn mí dé ibi ọkọ̀ Agbówà.

Ó ní òun ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá tú u. N kò fẹ́ kó tú u. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.