Ṣúgà Àtọwọ́dá Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti di oṣù mẹ́rin tí ẹ ti lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ti fi í sílẹ̀, kò lóǹkà. Ẹkún kọ́ ló ń dí mi lọ́wọ́. N kò tíì sunkún. Mò ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní Al Rigga ní Dubai níbí, mò ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà hòtẹ́ẹ̀lì, mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn, mo sì ń padà sí bedspace mi, ibùsùn kan ṣoṣo tí mo háyà nínú yàrá ọlọ́pọ̀ èrò, ní Sharjah.

Orí tábìlì hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti kọ́kọ́ rí ṣúgà àtọwọ́dá yẹn, hóró funfun kékeré tó ń dùn bíi ṣúgà, tí kì í ṣe ṣúgà. Ẹ̀yin ni mo rántí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní ẹ ní àtọ̀gbẹ, tíì kíkorò ni ẹ ń mu. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó hóró ṣúgà márùn-ún sínú kọ́ọ̀bù kan, tí ẹ á rò ó títí, tí ẹ á fi ṣíbí kan etí kọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Mo ra páálí mẹ́ta, mo fi rán obìnrin ará Èkó kan tó wá ra ọjà ní Deira.

Ẹ pè mí lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ yín.

"Ọmọ mi, ó mà dùn o! Ṣé oògùn àtọ̀gbẹ náà ni?"

Ariwo pọ̀ níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi ń pè mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ ṣáà máa lò ó."

Bùkọ́lá àbúrò mi ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní ẹ ti pa oògùn ilé ìwòsàn tì, pé èyí tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti Dubai ti tó. Ó ní ẹ tún ti ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀bà bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni egbò yọ lẹ́sẹ̀ yín, tí kò jinná títí ẹ fi lọ. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nípa egbò yẹn?

N kò lè wá sin yín. Ọrọ̀ ajé ibí ti dojú dé. Àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ dúró láàbọ̀, wọ́n sì ti dá ọ̀pọ̀ nínú wa padà sílé. Nígbà tí mo tọrọ àyè láti wá sílé, ọ̀gá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Sister, tó o bá lọ, khalas, ó parí nìyẹn. Má padà wá mọ́."

Mo dúró. Ṣé ẹ bínú sí mi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bi dókítà kan bóyá ṣúgà yẹn ló pa yín. Ó ní bí èèyàn bá lò ó níwọ̀nba, kì í ṣe májèlé, pé àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ohun tó lè ṣe fún ẹni tó bá ń lò ó fún ọdún púpọ̀.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn o. Kò lè rọ́pò oògùn."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n na ìka mi. Ó gún un, ó wo ẹ̀jẹ̀ mi nínú ẹ̀rọ kékeré kan, ó tún un wò.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ti ga, Bàbá. Ó kọ oògùn fún mi, mo sì ń lò ó láàárọ̀ láàárọ̀. N kò tíì sọ fún Bùkọ́lá. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín gan-an.