Kámẹ́rà Méjìlá Àwọn Panápaná

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Fáìlì tuntun dé lónìí. Kámẹ́rà méjìlá, irú èyí tí kì í ya ojú èèyàn bí kò ṣe ooru ara rẹ̀. Iléeṣẹ́ panápaná ìlú ló rà wọ́n. Wọ́n wà ní ilé ìkẹ́rùsí àwa aṣọ́bodè, wọ́n ń retí kí n sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọjà á dé, màá ṣí ìwé owó ibodè, màá ní, "Ìwọ, abẹ́ ìpín báyìí lo wà." Bí mo bá pè wọ́n ní kámẹ́rà lásán, ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni owó ibodè wọn. Bí mo bá pè wọ́n ní irinṣẹ́ ìwọn-ooru, márùn-ún péré. Bí mo bá wá pè wọ́n ní awò ológun — wọn ò wọlé nìyẹn, àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ.

Ejẹ́ǹtì tó mú fáìlì wá, ẹni tó ń bá àwọn ọlọ́jà gba ẹrù jáde ní ibodè, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń rí i. Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Kì í pariwo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Á jókòó, á gbé bírò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, á dúró kí n kà á tán. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní "ó".

Mo ní kó lọ gba ìwé àlàyé wá lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Kò burú, mà. Mo ń bọ̀."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé bí ẹni gbé ẹyin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Kò wá. Kò sì sí ìdí tí ì bá fi wá. Mo kàn ń kọ ọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ó wá. Ó mú ìwé àlàyé dání, ó sì gba ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà náà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí, kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì mi, ó ka ení títí dé àrún, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní kí n wo tábìlì. Lójú lásán, igi ni. Nínú kámẹ́rà — àtẹ́lẹwọ́ kan, ìka márààrún, ó ń pọ́n bí ẹyín iná. Ó wá ń ṣá díẹ̀díẹ̀, títí tábìlì fi padà di tábìlì.

"Ṣé ẹ rí i, mà? Èèyàn á ti lọ, ibi tó wà á ṣì mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀."

Mo ní mo rí i. Mo fa àga mi sẹ́yìn díẹ̀, bíi pé oòrùn ń pa mí.

Gbogbo ọ̀sán, n kò gbé nǹkan kan lé apá ibẹ̀. Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti mọ ìdáhùn. Mo ka ìwé àlàyé lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ yìí ń wọn ooru gbogbo ibi tó bá wò, ó sì ń kọ iye rẹ̀ sójú rẹ̀. Olórí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Irinṣẹ́ ìwọn-ooru ni. Lẹ́tà àwọn panápaná pé kì í ṣe fún ogun wà ní ojú ewé keje fáìlì. Kò ku ohun kan. Ìlà mẹ́wàá, mọ́kànlá, mo parí.

Mo mú bírò. Mo wá ń rò ó: bí mo bá kọ ọ́, ìgbà wo ló tún máa padà wá? Oṣù márùn-ún ló wà láàrin ọjà rẹ̀ tó ṣáájú àti èyí.

Mo kọ ìbéèrè dípò ìdáhùn. Mo ní kó mú ìwé wá lórí dígí ojú kámẹ́rà. Dígí! Ta ló bi mí léèrè dígí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Màmá mi, tí àwa méjèèjì jọ ń gbé, wò mí láti òkè délẹ̀ láàárọ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

"Kò-sí-nǹkan-kan kì í wọ yẹtí lọ síbi iṣẹ́."

Mo bọ́ yẹtí náà lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, mo tún wọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Wákàtí méjì! Ó mú ìwé dígí wá, mo sì dìídì ń bá a jiyàn. Mo ní ohun tó bá ń ya àwòrán, kámẹ́rà ni. Ó ní, "Mà, bí ẹ bá fi abẹ bó ọsàn, ṣé abẹ náà di ọ̀bẹ ìdáná?" Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó wà ní tábìlì kejì yíjú. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà rí — ó rìnrìn àjò, lẹ́tà rẹ̀ ń kúrú sí i, ń kúrú sí i, títí ó fi dá. Àtìgbà yẹn ni.

Jẹ́jẹ́ sọ fún mi lónìí pé ọdún kẹrin nìyí tí ìyàwó òun ti kú. Ó ní òun kì í tètè lọ sílé, òun máa ń gba ọ̀nà tó jìn. Mo fẹ́ sọ pé èmi náà. Mo sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ó ní ọ̀gá àwọn panápaná ń pe òun láràárọ̀ nítorí kámẹ́rà. Mo ní a máa yanjú ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìyá Òǹtẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Ọ̀gá wa ni wọ́n. Ìwé kankan kì í jáde níbí láìsí òǹtẹ̀ wọn.

"Fáìlì panápaná yẹn, ṣé ó ń hu koríko ni?"

Mo ní ìwé kan ló kù. Irọ́ tó já geere lẹ́nu bí omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo tún ṣe é. Mo kọ̀wé sí Jẹ́jẹ́ pé kó mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn panápaná, pé kì í ṣe fún ogun. Lẹ́tà tó wà ní ojú ewé keje.  

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Òun nìkan kọ́ ló wá. Ọ̀gá panápaná bá a wá — bàbá kan tí apá òsì wọn ti jóná rí, awọ rẹ̀ dán bí ọ̀rá. Wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú.

Wọ́n ní, "Ìyá wa, iná kọ́ ló ń pa èèyàn jù. Èéfín ni. Bí a bá wọlé, a ò rí ọwọ́ ara wa. Ìfàyàfà ni, a ó máa fọwọ́ tá bí afọ́jú. Ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i."

Jẹ́jẹ́ na lẹ́tà sí mi. Irú èyí tó wà nínú fáìlì gan-an, ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Mo gbà á. Mo ní ó di ọjọ́ Ajé.

Kí ló dé tí n kò fi sọ pé ó di ọ̀la? Torí ọ̀la jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Jẹ́jẹ́ kì í sì í wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé ni yóò fi lè wá gbà á lọ́wọ́ mi fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Rédíò, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ilé alájà mẹ́ta kan jóná ní àdúgbò tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Àwọn ará ilé pariwo pé ìyá àgbà kan ṣì wà lókè. Panápaná kan wọlé lọ wá wọn. Ó ṣìnà nínú èéfín. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kí wọ́n tó fà á jáde.

Ìyá àgbà yẹn ti gba ẹ̀yìn jáde látìgbà tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n ń mu omi. Yàrá tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ ni panápaná náà ń fọwọ́ tá.

Ẹni tó bá ní kámẹ́rà yẹn lọ́wọ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Á wò ó. Á rí i pé kò sẹ́nìkan. Á yí padà.

Panápaná náà kò kú. Wọ́n ní èéfín ti jẹ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Màmá bi mí ìdí tí mo fi pa rédíò. 

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Aago méje ààbọ̀ ni mo jókòó. Aago mẹ́jọ kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo parí. Ìlà mọ́kànlá. Irinṣẹ́ ìwọn-ooru, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Òǹtẹ̀ bà á kí ó tó di ọ̀sán.

Ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó lé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Jẹ́jẹ́ wá gba ìwé. Kò jókòó. Ẹni tó ń lo tábìlì kejì ti jáde; mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ ọ́ fún un. Dígí, lẹ́tà, gbogbo rẹ̀. Mo sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

 Ó ní, "Mo mọ̀, mà."

"Kí lẹ mọ̀?"

"Ojú ewé keje. Èmi ni mo fi lẹ́tà yẹn síbẹ̀. Nígbà tí ẹ ní kí n mú un wá, ó yẹ kí n sọ pé ó ti wà ńbẹ̀. Mo wá rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, kí ni n ó tún máa wá ṣe níbí? Mo lọ gba òmíràn."

Ohun tí etí mi ti ń retí láti ọdún mẹ́ta ni mo gbọ́ yẹn. Mo gbọ́ ọ tán, n kò sì ríbi gbé e sí.

Ó mú ìwé, ó lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo dé ilé ìwòsàn. Wọ́ọ̀dù kejì, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọ̀dọ́kùnrin ni panápaná náà, kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ń sùn. Èémí rẹ̀ ń dún bí ẹni ń fa àga lórí iyanrìn. Ìyàwó rẹ̀ bi mí pé ta ni mí. Mo ní láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá wọn ti sọ fún mi pé ẹ ti bá wa mú ẹ̀rọ náà jáde. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kò ní rí irú èyí."

Mo gbà á. Ọlọ́run ló rí mi — mo gba ọpẹ́ náà, mo sì yára bọ́ síta.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà fún Ìyá Òǹtẹ̀. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Bí mo bá fi òǹtẹ̀ lu ìwé yìí pé mo gbà á, kò ṣeé gbà padà o."

"Mo mọ̀, mà."

"Nítorí ọkùnrin?"

"Nítorí tèmi, mà."

Wọ́n lù ú. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi pè mí. Bí mo ṣe ń jáde, wọ́n pè mí padà, wọ́n ní kí n jẹun kí n tó sùn. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Màmá lọ ṣí i. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé," pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń gba àlejò tí wọ́n ti ń dúró dè. Jẹ́jẹ́ ni. Kò mú ìwé kankan dání.

Òun náà ti kọ lẹ́tà tirẹ̀. Wọ́n ti gba káàdì ejẹ́ǹtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ lọ rí ọmọkùnrin yẹn. N kò lè dá lọ."

A fẹsẹ̀ rìn. Ọdún mẹ́ta, kò tí ì ṣẹlẹ̀ rí kí tábìlì má wà láàrin wa. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá na ọwọ́, yóò kan tirẹ̀. N kò nà án.

Ìyàwó náà tún fẹ́ kúnlẹ̀. Mo dì í mú. Mo ní, "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi." Mo sọ apá tèmi fún un. Jẹ́jẹ́ sọ apá tirẹ̀. Bí ìyàwó náà ṣe ń gbọ́ wa, ó ń ká etí aṣọ ìbora, ó ń tú u.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀ ń wá ara yín. Òun náà sì ń wá ẹni tí kò sí ńbẹ̀."

Mo ní kí a máa lọ, kí rírí wa má tún máa dùn ún. Ó fa àga méjì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"Ẹ jókòó. Ẹ ò ní sọ ọ́ fún èmi nìkan. Ẹ máa jókòó títí á fi jí, ẹ ó sì sọ ọ́ lójú rẹ̀."

A jókòó. Aago méjì. Aago mẹ́ta. Jẹ́jẹ́ wò mí lẹ́ẹ̀kan láti òdìkejì bẹ́ẹ̀dì, àyà ọmọkùnrin náà ń lọ sókè sódò láàrin wa. Èmi náà wò ó. Gbogbo ohun tí mo ti fẹ́ láti ọdún mẹ́ta wà ní ìwọ̀n apá kan sí mi, n kò sì lè pè é ní tèmi.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ọmọkùnrin náà la ojú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.